Oògùn tí ń ran ọmọ lọ́wọ́ láti fọkàn sí ẹ̀kọ́: ta ni ó wà fún?

Ìka ọwọ́ kò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ tí ó jókòó nínú kíláàsì kan náà kò dọ́gba. Olùkọ́ kọ ìṣirò sí ojú pátákó. Ọ̀pọ̀ ọmọ tẹjú mọ́ ọn, wọ́n sì ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ọmọ kan wà láàrin wọn tí ó ń wo ẹyẹ tí ó bà sí orí igi ní ìta. Kí olùkọ́ tó pè é, ó ti dìde lẹ́ẹ̀mejì, ó ti já kálámù gbà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì ti gbàgbé ojú ewé tí wọ́n wà. Bí ìyá rẹ̀ bá rán an pé kí ó lọ pọn omi, kí ó sì ra iyọ̀ bọ̀, yóò pọn omi dé, yóò gbàgbé iyọ̀. Wọ́n bá a wí títí, wọ́n nà án títí, kò yí padà.

Àwọn kan á ní olóríkunkun ni. Àwọn mìíràn á ní ọ̀lẹ ni. Àwọn mìíràn pàápàá á ní ayé ni ó ń dà á láàmú. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní 200 ọdún tí àwọn oníṣègùn ti ń kọ̀wé nípa irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Dókítà Alexander Crichton, ará Scotland, kọ̀wé nípa wọn ní ọdún 1798. Ní ọdún 1902, Dókítà George Still bá àwọn oníṣègùn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa wọn ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Lónìí, àwọn Faransé ń pe àìsàn náà ní TDAH. Ní èdè tiwa, a ó pè é ní àìlèfọkànsí.

Oògùn wà fún un. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ oògùn náà ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí: ibi tí ó ti wá, ohun tí ó ń ṣe nínú ara, ẹni tí ó lè ràn lọ́wọ́, àti ìdí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé e mì láìjẹ́ pé dókítà ni ó kọ ọ́ fún un.

Kí ni àìlèfọkànsí?

Gbogbo ọmọ ni ó máa ń gbàgbé nǹkan. Gbogbo ọmọ ni ó máa ń sáré, tí ó máa ń pariwo. Èyí kì í ṣe àìsàn. Ó di àìsàn nígbà tí ó bá pọ̀ ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, tí ó sì ń dí ọmọ náà lọ́wọ́ láti kọ́ ẹ̀kọ́, láti ní ọ̀rẹ́, tàbí láti gbé ní àlàáfíà nínú ilé.

Ọ̀nà mẹ́ta ni àìsàn náà ń gbà fara hàn. Èkíní, ọkàn ọmọ náà kì í dúró lórí ohun kan: ó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò lè parí rẹ̀, ó ń sọ nǹkan nù ní ojoojúmọ́. Èkejì, kò lè jókòó jẹ́ẹ́: ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sinmi. Ẹ̀kẹta, ó ń ṣe nǹkan kí ó tó rò ó: yóò dáhùn kí ìbéèrè tó parí, yóò sáré sọdá títì láìwo ọ̀tún, láìwo òsì. Ọmọ kan lè ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òmíràn lè ní èkíní nìkan. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin tí ó ní àìsàn yìí kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Wọ́n á jókòó wọ́ọ́rọ́wọ́, ọkàn wọn á sì wà níbòmíràn. Nítorí náà, a kì í tètè mọ̀ pé ohun kan ń ṣe wọ́n.

Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ó lè fi àìsàn yìí hàn, kò sì sí àwòrán inú orí tí ó lè fi í hàn. Ìbéèrè àti àkíyèsí ni dókítà fi ń mọ̀ ọ́n. Ohun mẹ́ta ni ó máa ń wò. Ṣé ó ti bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ náà tó pé ọdún 12? Ṣé ó ti wà fún oṣù 6, ó kéré tán? Ṣé ó ń hàn ní ibi méjì, ó kéré tán, bí àpẹẹrẹ ní ilé àti ní ilé-ẹ̀kọ́? Bí ó bá jẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ni ọkàn ọmọ kò ti balẹ̀, ó lè jẹ́ pé ohun kan wà níbẹ̀ tí ó ń bà á lẹ́rù.

Dókítà gbọ́dọ̀ wo àwọn nǹkan mìíràn pẹ̀lú. Ọmọ tí etí rẹ̀ kò gbọ́ràn dáadáa kò lè tẹ̀lé ọ̀rọ̀ olùkọ́. Ọmọ tí ojú rẹ̀ kò ríran dé pátákó yóò wo ibòmíràn. Ọmọ tí ebi ń pa, ọmọ tí kò sùn tó, ọmọ tí ibà ń padà ṣe, ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, ọmọ tí ó pàdánù òbí rẹ̀: gbogbo wọn lè ṣe bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò sí nílé. Irú wárápá kan tilẹ̀ wà tí kì í gbé ọmọ ṣánlẹ̀. Ńṣe ni ọmọ náà máa ń dákẹ́ lójijì, tí ojú rẹ̀ á ranjú fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà á tún máa bá ohun tí ó ń ṣe lọ. Àwọn wọ̀nyí ní ìtọ́jú tiwọn. Oògùn tí a ń sọ yìí kì í ṣe tiwọn.

Nínú 100 ọmọ ní gbogbo ayé, àwọn onímọ̀ gbà pé nǹkan bí 5 ni ó ní àìlèfọkànsí. Bí ọmọ 50 bá wà nínú kíláàsì kan, ó lè jẹ́ pé 2 tàbí 3 nínú wọn ni ó ní i. Ó sábà máa ń wà nínú ẹbí: bàbá tàbí ìyá ọmọ náà lè ti ní i nígbà èwe rẹ̀, kí ó má sì mọ̀. Kì í ràn bí ìkọ́. Kì í ṣe ẹ̀bi ìyá, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ọmọ.

Oògùn tí wọ́n rí níbi tí wọn kò ti wá a

Ní ìpínlẹ̀ Rhode Island ní Amẹ́ríkà, ilé ìtọ́jú kan wà fún àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn ń dà láàmú. Ọdún 1931 ni wọ́n ṣí i. Orúkọ ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Emma Bradley ni wọ́n fi sọ ibẹ̀, nítorí pé àrùn ọpọlọ ti ba ayé ọmọ náà jẹ́, àwọn òbí rẹ̀ sì fi ohun ìní wọn sílẹ̀ láti ran irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́.

Dókítà Charles Bradley ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ní ayé ìgbà náà, kí àwòrán ọpọlọ tó lè hàn kedere, àwọn oníṣègùn ní láti fa omi tí ó yí ọpọlọ ká jáde ná. Lẹ́yìn èyí, orí á máa fọ́ àwọn ọmọ náà gan-an. Dókítà Bradley wá oògùn tí yóò mú kí omi náà tètè padà. Ó fún wọn ní Benzedrine. Amphétamine ni a fi ṣe oògùn yìí. Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe amphétamine, ní ọdún 1887, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí àwọn oníṣègùn tó mọ ohun tí wọn yóò fi í ṣe.

Ẹ̀fọ́rí náà kò fi bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ rí ohun mìíràn. Àwọn ọmọ kan tí kì í jókòó ti bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó. Àwọn tí kì í parí iṣẹ́ ń parí iṣẹ́. Ní ọdún 1937, Dókítà Bradley kọ ìròyìn nípa ọmọ 30 tí ó fún ní oògùn náà fún ọ̀sẹ̀ kan. Nǹkan bí ìdajì wọn ni iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ wọn yí padà lọ́nà tí ó ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n lo oògùn ni ìyípadà náà dé. Ní ọjọ́ tí wọ́n dá oògùn dúró, ó lọ. Àwọn ọmọ náà fúnra wọn sọ oògùn yìí ní oògùn ìṣirò.

Ní ọdún 1944, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Leandro Panizzon ṣe oògùn mìíràn tí ó jọ ọ́. Ilé-iṣẹ́ Ciba ní ìlú Basel, ní orílẹ̀-èdè Súwísì, ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Orúkọ oògùn náà ni méthylphénidate. Ìyàwó Panizzon, Marguerite, lo díẹ̀ nínú rẹ̀, ó sì rí i pé òun túbọ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì dáadáa. Rita ni ọkọ rẹ̀ máa ń pè é nínú ilé. Láti ara orúkọ yìí ni wọ́n ti mú Ritalin, orúkọ tí wọ́n fi gbé oògùn náà lọ sí ọjà ní ọdún 1954. Àwọn Faransé ń pè é ní Ritaline. Títí di òní, méthylphénidate àti àwọn oògùn tí a fi amphétamine ṣe ni àwọn dókítà ń lò jù lọ fún àìlèfọkànsí.

Ohun tí ó ń ṣe nínú ọpọlọ

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí ó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu. Oògùn yìí kì í ṣe oògùn oorun. Oògùn tí ń ta ọpọlọ jí ni. Báwo ni ohun tí ń ta ọpọlọ jí ṣe lè mú kí ọmọ tí kì í sinmi jókòó jẹ́ẹ́?

Ẹ jẹ́ kí a fi alùpùpù zémidjan ṣe àpèjúwe. Alùpùpù náà ní ẹ́ńjìnnì tí ń gbé e sáré, ó sì ní ìjánu tí ń dá a dúró. Bí ìjánu kò bá mú dáadáa, alùpùpù náà yóò máa lọ síbi tí kò yẹ kí ó lọ. Nínú ọpọlọ ènìyàn, apá kan wà ní iwájú orí, lẹ́yìn egungun iwájú, tí ó ń ṣe iṣẹ́ ìjánu. Òun ni ó ń sọ fún wa pé: dúró ná, parí èyí kí o tó lọ sí òmíràn, má dáhùn títí ìbéèrè yóò fi parí.

Kí apá yìí tó lè ṣiṣẹ́, ó nílò àwọn èròjà kan tí ń jẹ́ iṣẹ́ láti ibì kan dé ibì kan nínú ọpọlọ. Méjì nínú wọn ni dopamine àti noradrénaline. Bí èròjà bá ti jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ tán, ọpọlọ a tún fà á padà sí ibi tí ó ti wá. Ohun tí méthylphénidate ń ṣe ni pé ó ń dènà fífà padà yìí, kí àwọn èròjà náà lè pẹ́ díẹ̀ sí i lẹ́nu iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìjánu ń jí, tí ó sì ń mú. Kì í ṣe pé oògùn náà lu ọmọ pa sí ojú kan. Ó fún un ní agbára láti dá ara rẹ̀ dúró.

Nǹkan bí ìdajì wákàtí sí wákàtí kan lẹ́yìn tí ọmọ bá gbé e mì ni yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èyí tí kì í pẹ́ lára máa ń ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí wákàtí 4. Irú kan tún wà tí ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ikùn, tí ó lè ṣiṣẹ́ fún wákàtí 8 sí 12. Nínú ọmọ 10 tí ó ní àìsàn náà lóòótọ́, nǹkan bí 7 ni oògùn àkọ́kọ́ tí wọ́n dán wò máa ń ràn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kò wo àìsàn náà tán. Nígbà tí agbára rẹ̀ bá lọ, àìsàn náà á padà. Kò sì kọ́ ọmọ ní ohunkóhun. Ọmọ tí kò mọ ìwé kà, oògùn kò lè kọ́ ọ ní ìwé. Ó kàn ń ṣí ilẹ̀kùn fún olùkọ́ ni.

Àyẹ̀wò kan tí ó kọ́ ayé lọ́gbọ́n

Ní ọdún 1999, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà gbé èsì àyẹ̀wò ńlá kan jáde. Ọmọ 579 ni wọ́n tọ́jú, láti ọdún 7 sí 9, fún oṣù 14. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin. Àwọn ti ọ̀nà kìíní ń lo oògùn lábẹ́ ojú dókítà àyẹ̀wò náà. Àwọn ti ọ̀nà kejì kò gba oògùn, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ àwọn òbí àti olùkọ́ wọn ní bí a ti ń tọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ti ọ̀nà kẹta gba oògùn, wọ́n sì gba ẹ̀kọ́. Àwọn ti ọ̀nà kẹrin ń lọ sọ́dọ̀ dókítà àdúgbò wọn bí wọ́n ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí oṣù 14 pé, àwọn ti ọ̀nà kìíní àti ti ọ̀nà kẹta ni àìlèfọkànsí wọn dínkù jù lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó yẹ kí a rò jinlẹ̀. Nínú ọmọ mẹ́ta tí ó wà ní ọ̀nà kẹrin, nǹkan bí méjì ni dókítà àdúgbò wọn fún ní irú oògùn kan náà. Síbẹ̀, wọn kò ṣe dáadáa tó àwọn ti ọ̀nà kìíní. Kí ni ó fà á?

Àwọn dókítà àyẹ̀wò náà ń rí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní oṣooṣù, fún ìdajì wákàtí. Wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ bí ọmọ ti ń ṣe. Bí oògùn bá kéré, wọ́n á fi díẹ̀ kún un. Bí ó bá ń yọ ọmọ lẹ́nu, wọ́n á dín in kù. Àwọn ti ọ̀nà kẹrin kì í rí dókítà tiwọn ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ ní ọdún. Nítorí náà, kì í ṣe hóró oògùn nìkan ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Ojú tí ń ṣọ́ ọmọ náà wà níbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ mìíràn tún jáde níbẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ó gba oògùn àti ẹ̀kọ́ pọ̀ nílò oògùn tí ó kéré díẹ̀ sí ti àwọn tí ó gba oògùn nìkan. Ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù 14 náà parí, tí olúkúlùkù padà sí ìtọ́jú àtẹ̀yìnwá rẹ̀, ìyàtọ̀ láàrin ẹgbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́. Ní ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò náà, kò fi bẹ́ẹ̀ sí mọ́. Ìtọ́jú tí a dá dúró kì í bá ọmọ dé ọ̀nà jíjìn.

Ìpalára tí ó lè ṣe

Kò sí oògùn tí kò ní ẹ̀yìn. Èyí tí òbí kọ́kọ́ máa ń rí ni pé ọmọ kò fẹ́ jẹun ní ọ̀sán. Èkejì ni pé oorun kì í tètè kùn ún ní alẹ́, pàápàá bí ó bá lo oògùn ní ìrọ̀lẹ́. Orí lè máa fọ́ ọ, inú lè máa run ún. Inú rẹ̀ lè bàjẹ́ nígbà tí agbára oògùn bá ń lọ. Bí ó bá lò ó fún ọdún púpọ̀, ó lè má ga tó bí ì bá ti ga, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàtọ̀ náà kì í pọ̀.

Oògùn náà ń mú kí ọkàn inú àyà lù kíákíá díẹ̀, ó sì ń gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè. Nítorí náà, kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀, dókítà gbọ́dọ̀ béèrè bóyá ó ní àrùn ọkàn, bóyá ó máa ń dákú, bóyá ẹnìkan nínú ẹbí rẹ̀ kú lójijì ní ọjọ́ orí kékeré. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pamọ́. Lẹ́yìn náà, ní gbogbo ìgbà tí ọmọ bá padà wá, dókítà á wọn ìwúwo rẹ̀, á wọn gíga rẹ̀, á sì wọn ìfúnpá rẹ̀. Díẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó máa fi kún un. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6 kì í fi oògùn bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Kíkọ́ àwọn òbí rẹ̀ ní bí wọn yóò ti máa tọ́ ọ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí ó bá lò ó jù, tàbí tí ó lọ̀ ọ́ tí ó fà á sí imú, ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Ọkàn rẹ̀ lè daṣẹ́ sílẹ̀. Ó lè máa rí ohun tí kò sí, kí ó máa gbọ́ ohùn tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Ó sì lè di bárakú, tí kò ní lè fi sílẹ̀ mọ́. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Ṣé ó lè mú kí ẹni tí ara rẹ̀ le mọ̀wé sí i?

Nígbà tí ìdánwò BEPC tàbí BAC bá súnmọ́, àwọn ọ̀dọ́ máa ń wá ohun tí yóò la orí wọn. Ní àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tí kò ní àìsàn kankan máa ń ra oògùn yìí lọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ wọn. Wọ́n ń rò pé bí ó bá ran aláìsàn lọ́wọ́, yóò ran àwọn tí ara wọn le lọ́wọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Melbourne ní Australia dán èyí wò. Ọdún 2023 ni wọ́n gbé èsì wọn jáde. Wọ́n mú àgbàlagbà 40 tí ara wọn le, láti ọdún 18 sí 35. Ní ọjọ́ kan, wọ́n fún wọn ní méthylphénidate. Ní ọjọ́ mìíràn, wọ́n fún wọn ní oògùn mìíràn. Ní ọjọ́ mìíràn, wọ́n fún wọn ní ohun tí kò ní oògùn kankan nínú. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé iṣẹ́ kan fún wọn lórí kọ̀ǹpútà, tí gbogbo oníṣòwò mọ̀ dunjú. Àpò kan nìyí, kò gbọdọ̀ wúwo ju ìwọ̀n kan lọ. Ọ̀pọ̀ ẹrù nìyí, olúkúlùkù pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀ àti iye owó rẹ̀. Kí ni ìwọ yóò kó sínú àpò náà kí owó rẹ̀ lè pọ̀ jù lọ?

Àwọn tí ó lo oògùn kò kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Wọ́n pẹ́ lórí rẹ̀ jù, wọ́n kó ẹrù wọlé, wọ́n kó o jáde, wọ́n tún kó o wọlé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kò dára tó èyí tí wọ́n ṣe láìlo oògùn. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa tẹ́lẹ̀ ni ó tilẹ̀ sábà máa ń bọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ṣe wàhálà púpọ̀, èrè rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹni tí ìjánu rẹ̀ ń mú dáadáa, tí ó tún lọ ń fún un pọ̀, kò ní dé ibi tí ó ń lọ kíákíá. Oorun àsùntó, oúnjẹ gidi àti kíka ìwé lójoojúmọ́ ṣì ni oògùn ìdánwò.

Òfin tí ó so ó mọ́lẹ̀

Nítorí àwọn ewu wọ̀nyí, àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé ṣe àdéhùn kan ní ìlú Vienna ní ọdún 1971. Àdéhùn náà fi amphétamine àti méthylphénidate sí àárín àwọn oògùn tí ìjọba gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ lójú méjèèjì. Ní ilẹ̀ Faransé, ìwé oògùn àkànṣe ni dókítà fi ń kọ Ritaline, kò sì gbọdọ̀ kọ ju ti ọjọ́ 28 lọ lẹ́ẹ̀kan. Títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, dókítà tí ó wà ní ilé ìwòsàn ńlá nìkan ni ó lè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú náà. Láti ìgbà náà, àwọn dókítà ọpọlọ àti dókítà ọmọdé tí ń ṣiṣẹ́ fún ara wọn náà lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní OMS, ní ìwé kan tí ó kọ àwọn oògùn kò-ṣeé-má-nìí sí. Ní ọdún 2019 àti ọdún 2021, àwọn kan bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi méthylphénidate kún un. Kò gbà, nítorí pé ẹ̀rí nípa àǹfààní rẹ̀ àti ewu rẹ̀ kò tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n àjọ náà kò ní kí a má lò ó rárá. Ìtọ́sọ́nà rẹ̀ sọ pé dókítà tí ó mọ iṣẹ́ náà lè rò ó wò fún ọmọ tí ó ti pé ọdún 6, nígbà tí ọ̀nà mìíràn kò bá tó. Ìyẹn ni pé nọ́ọ̀sì tàbí ọlọ́jà oògùn kò gbọdọ̀ dá a fún ọmọ.

Ẹ ṣọ́ra fún oògùn orí àtẹ

Ní orílẹ̀-èdè Benin, a kì í ṣe àlejò sí ọ̀rọ̀ oògùn tí kò ní bàbá. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2009, Cotonou ni àwọn olórí orílẹ̀-èdè ti péjọ pẹ̀lú Jacques Chirac, ààrẹ Faransé tẹ́lẹ̀, láti ké pe gbogbo ayé pé kí wọ́n gbógun ti ayédèrú oògùn. Ní oṣù kejì ọdún 2017, àwọn agbófinró ya wọ Adjégounlè, níbi tí wọ́n ti ń ta oògùn ní ọjà Dantokpa, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀nù oògùn níbẹ̀.

Ẹni tí ó bá ra hóró oògùn lórí àtẹ, tí wọ́n sọ fún un pé ó ń la orí, tàbí pé ó ń lé oorun, kò mọ ohun tí ó rà. Ó lè jẹ́ oògùn tí ó lágbára jù. Ó lè jẹ́ oògùn mìíràn pátápátá. Ó lè jẹ́ ìyẹ̀fun lásán. Kò sì sí ẹni tí yóò wọn ìfúnpá ọmọ rẹ̀, tí yóò béèrè bóyá ọmọ náà máa ń dákú. Oògùn tí ó nílò ojú dókítà ní oṣooṣù kò ní iṣẹ́ kankan lórí àtẹ.

Ohun tí òbí àti olùkọ́ lè ṣe láti òní

Ohun àkọ́kọ́ ni kí a dá ẹgba dúró. Ẹgba kò tún ìjánu ṣe. Ọmọ tí a ń nà nítorí ohun tí kò lè ṣe yóò gbàgbọ́ pé òun kò wúlò, yóò sì sá fún ilé-ẹ̀kọ́.

Ohun kejì ni kí a mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Kí wọ́n wo etí rẹ̀, ojú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí wọn kò bá rí ohun kan níbẹ̀, kí wọ́n júwe ibi tí dókítà tí ó mọ̀ nípa ọpọlọ ọmọdé wà. Ní Cotonou, ilé ìwòsàn ńlá CNHU wà, ilé ìwòsàn fún àrùn ọpọlọ sì wà ní Jacquot. Kí ojú má tì wá láti lọ síbẹ̀. Kì í ṣe wèrè nìkan ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀.

Ohun kẹta wà lọ́wọ́ wa, kò sì ná wa ní owó:

Ẹ rán an ní iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ó bá pọn omi dé, kí ẹ tó rán an lọ ra iyọ̀.

Ẹ pe orúkọ rẹ̀, kí ẹ wo ojú rẹ̀, kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí ó tún un sọ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí ó jókòó ní iwájú kíláàsì, ní ẹ̀gbẹ́ olùkọ́, kí ó jìnnà sí fèrèsé.

Ẹ pín iṣẹ́ rẹ̀ sí kékeré. Ìṣirò 3, kí ó dìde nu pátákó, kí ó tún padà ṣe 3 mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí àkókò oúnjẹ, àkókò ẹ̀kọ́ àti àkókò oorun rẹ̀ máa dọ́gba lójoojúmọ́.

Bí ó bá ṣe dáadáa, ẹ yìn ín lójú ẹsẹ̀. Má dúró di ìparí ọ̀sẹ̀.

Fún ọ̀pọ̀ ọmọ tí àìsàn tiwọn kò le, èyí nìkan lè tó. Fún àwọn tí tiwọn le, kì í tó, ibẹ̀ sì ni oògùn ti ní iṣẹ́ tirẹ̀. Òbí tí dókítà bá kọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ máa bẹ̀rù pé òun ń fi oògùn olóró bọ́ ọmọ. Kí ó lò ó bí dókítà ti wí. Kí ó tì í mọ́ ibi tí ọwọ́ àwọn ọmọ mìíràn kò lè dé. Kí ó má ṣe pín in fún ọmọ aládùúgbò, bí ó ti wù kí ọmọ náà jọ tirẹ̀ tó. Kí ó sì padà lọ bá dókítà ní ọjọ́ tí wọ́n dá fún un.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní Kétu, ní Ṣábẹ, ní Àjàṣẹ́, àwọn ọmọ wà lónìí tí wọ́n jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì, tí a ti kà wọ́n kún ọ̀lẹ, tí wọ́n sì ń dúró de àgbà tí yóò béèrè ohun tí ń ṣe wọ́n. Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, ẹ béèrè ná kí ẹ tó nà wọ́n. Bí ó bá sì di ọ̀rọ̀ oògùn, ẹ jẹ́ kí ó gba ọwọ́ dókítà kọjá.